Ọwọ́ Mi Ló Pe Ìyá Mi

Ó ti ń lọ sí oṣù méjì báyìí tí gbólóhùn kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá mi ló sọ ọ́. Ká ní ìbínú ló fi sọ ọ́ ni, ì bá rọrùn fún mi: n ó dọ̀bálẹ̀, n ó bẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́. "Àjàní, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni n kò fi pè é lórí fóònù. Èmi tí mo ti ń pè é nírọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, tí àwọn àbúrò mi fi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò tíì já lẹ́nu ọmú. N kò ṣàìsàn. Fóònù mi kò bàjẹ́. Ojoojúmọ́ sì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n pípè náà kò kàn wáyé. Ìdí kan ṣoṣo tí mo rí, tí ojú sì ń tì mí láti sọ, ni pé a kó láti Ìta-Òṣìn lọ sí Ọbáńtòkó.

Ẹni tó mọ Abẹ́òkúta á ti lóye. Nígbà tí a wà ní Ìta-Òṣìn, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ ní Ìbarà ń bọ̀, Láfẹ́nwá ni mo gbọ́dọ̀ gbà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Láfẹ́nwá kì í sì í mọ ẹni tó ń kánjú. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, ìyá mi ni mo máa ń pè. (Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ẹ forí jì mí: fóònù wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ kò sì yí táyà.) Ọ̀nà Ọbáńtòkó kò gba Láfẹ́nwá. Ó ní súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tirẹ̀, àmọ́ ọwọ́ mi kò mọ ìyẹn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an nìyí: ṣé ìfẹ́ tí mo ní sí ìyá tó bí mi kò ju kí ọkọ̀ dúró ní Láfẹ́nwá lọ ni?

Mo fọn fèrè níwájú ilé onílé

Ọjọ́bọ̀ ni. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, ó sì ti di ọjọ́ méjì tí ìwé kan kọ̀ láti bára mu. Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náírà ló ń dín. Kì í ṣe owó ńlá, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ wa mọ̀ pé náírà kan ṣoṣo tó bá sọnù lè gba oorun lójú èèyàn. Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ ní Ìbarà, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án náà ni mo ń wò níwájú mi, kì í ṣe ọ̀nà.

Ohun tí mo tún mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn ìyá mi nínú ọkọ̀. Mo búra fún yín, n kò rántí pé mo tẹ nọ́ḿbà. N kò rántí pé mo yà sí ọ̀nà kankan. Ó ní, "Ìwọ rèé?" Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá òun ṣẹ̀ mí. Kí n tó rí ọ̀rọ̀ kó jọ, ó tún ní, "Kí lo wá dé Láfẹ́nwá? Ṣé ẹ ò tíì kó ni?"

Mo gbójú sókè. Òtítọ́ ni. Ọmọkùnrin kan ń fi ọwọ́ gbá ara bọ́ọ̀sì, ó ń ké "Ráúńdà! Ayétòrò!" Àwọn ọmọdé ń gbé gúgúrú àti ẹ̀pà kọjá láàárín ọkọ̀. N kò sọ ibi tí mo wà fún ìyá mi. Etí rẹ̀ ló sọ fún un. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbọ́ ariwo yẹn lẹ́yìn ohùn mi.

Ẹ ò tíì gbọ́ èyí tó burú jù. Pẹ̀lú pé mo ti mọ̀ pé mo ṣìnà, bí ọ̀nà ṣe là, tí mo ń bẹ ìyá mi, tí mo ń wá àwáwí, ọkọ̀ ń lọ tààrà sí Ìta-Òṣìn. Mo dé iwájú géètì ilé wa àtijọ́, mo sì fọn fèrè bí mo ṣe máa ń fọn ọ́n: gígùn méjì, kúkúrú kan. Ọmọbìnrin kékeré kan ló ṣí i. Ó kúnlẹ̀, ó wò mí títí. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ta lẹ ń wá?"

N kò ní èsì. Mo ní kó bá mi kí bàbá rẹ̀.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ó ní Arò kò kúkú jìnnà sí ibi tí mo lọ, ǹ bá ti yà síbẹ̀. Arò ni ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ wà. Awàdà ará Abẹ́òkúta nìyẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni nǹkan kan ta sí mi lọ́kàn: iye tó bá dín nínú ìwé owó, tó sì ṣeé pín sí mẹ́sàn-án géérégé, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹnì kan yí ipò nọ́ḿbà méjì padà. 54,000 ni ẹnì kan kọ ní 45,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,000. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ní ọdún kìíní nílé ẹ̀kọ́ nìyẹn, tí mo sì fi ọjọ́ méjì wá kiri. Orí tábìlì ni mo ti ń wá a. Ìgbà tí mo pa á tì ló jáde wá.

Mọ̀ àti mọ́

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwa Yorùbá ní fún ohun tí mo ń sọ yìí, àmì ohùn lásán ló yà wọ́n. Bí mo bá ní mo *mọ̀* ọ́n, èmi ni olùwà nínú gbólóhùn náà. Ìmọ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo lè gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí mo bá ní ó *mọ́* mi lára, nǹkan náà ti gba ipò olùwà lọ́wọ́ mi. Ó ti lẹ̀ mọ́ mi bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé. Kò tọrọ àyè. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nǹkan burúkú la máa ń pa òwe yẹn sí, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni nǹkan rere ń gbà wọlé.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni: bí mo ṣe ń tẹ àròkọ yìí, mo ń dúró síbi àmì ohùn. Ṣé igbá ni àbí ìgbà? Bí n kò bá dá a mọ̀, mo máa ń pe ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́ kí n lè gbọ́ ohun tí ẹnu mi wí, kí n tó kọ ọ́. Ọmọ mi tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ kò mọ ohun tó ń jẹ́ àmì ohùn rárá, àmọ́ kò pe igbá ní ìgbà rí. Ẹnu wa mọ ohun tí àwa fúnra wa kò lè ṣàlàyé.

Ní 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Henry Molaison, nítorí wárápá tó ń bá a fínra. Wárápá náà rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà títí tó fi kú ní 2008, iyè rẹ̀ kò gba nǹkan tuntun dúró mọ́: ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀, àlejò ni lójú rẹ̀ lọ́sàn-án. Brenda Milner, tó ń ṣe ìwádìí ọpọlọ ní Montreal, gbé àwòrán ìràwọ̀ kan síwájú rẹ̀ pé kó máa fi pẹ́ńsù tọ ojú ìlà rẹ̀, àmọ́ inú dígí nìkan ni kó ti máa wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ dán an wò nílé, ẹ ó rí i pé ọwọ́ á máa lọ síbi tí ẹ kò rán an. Ọjọ́ mẹ́ta ni Henry fi ṣe é. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti já geere, bẹ́ẹ̀ òun alára kò rántí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo pa ìwé dé. Yàrá tí ọpọlọ ń kó ìtàn pamọ́ sí yàtọ̀ sí yàrá tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ pamọ́ sí, ilẹ̀kùn èkíní sì lè tì pa kí èkejì ṣì wà ní ṣíṣí. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ lọ́hùn-ún ni àwọn ẹ̀yà tó ń ṣètò àṣà ara wà. *Basal ganglia* ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. William James, onímọ̀ nípa ọkàn èèyàn ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ láti 1890 pé bí a bá ṣe fa ohun ojoojúmọ́ lé àṣà lọ́wọ́ tó ni ọkàn wa ṣe máa ráyè tó fún iṣẹ́ tó ga jù. Ó káàánú ẹni tó jẹ́ pé gbogbo ife tó fẹ́ mu àti ìgbà tó fẹ́ sùn ló gbọ́dọ̀ fi ṣe àpérò. Mo mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo.

Ọwọ́ á gbọ́, á sì tijú

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni ìyá mi ń ṣe ní Ìtòkú, bí ìyá tirẹ̀ ṣe ṣe. Àwọn kan ń fi páànù tí wọ́n gé ní bátànì ṣe tiwọn, iṣẹ́ ọkùnrin ni gígé páànù yẹn látijọ́, ó sì yá. Ìyẹ́ adìyẹ ni ìyá mi ń lò. Á rì í bọ ẹ̀kọ láfún, á fi fa ìlà sórí aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kò ní ràn án.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi gba iṣẹ́ àṣetiléwá nípa iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, mo wá ní kí n fi fóònù ya ìyá mi ní fídíò. Mo ti ń wo obìnrin yìí láti kékeré. Ó lè máa bá aládùúgbò jà lẹ́nu kí ìlà rẹ̀ má sì wọ́ níbì kankan. Mo ní, "Mà, ẹ máa ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣe é lọ." Ó bẹ̀rẹ̀: "Mo gbé ìyẹ́ báyìí, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́…" Ìlà kìíní wọ́. Ó yọ̀ ọ́ nù, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ kán bọ́ sí ojú ibi tí kò yẹ. Ní ẹ̀kẹta, ó gbé ìyẹ́ sílẹ̀.

"Gbé nǹkan yẹn kúrò lójú mi. Bí mo bá ń ròyìn ọwọ́ mi, ọwọ́ á gbọ́, á sì tijú."

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ní báyìí, mo gbà pé kò sí ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń lu gángan, ẹni tó ń ki oríkì: bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara rẹ̀ lójijì, ó ti bà á jẹ́. Àwọn nǹkan kan wà tí kò fẹ́ ojú wa. A ti fi ọdún púpọ̀ sin wọ́n sínú ara, wọ́n sì ń hù níbẹ̀.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: a ti sin wọ́n ni wọ́n ṣe ń hù. Èmi pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án mi, ọjọ́ méjì ni mo fi forí gbá a kí èsì tó jáde. Henri Poincaré, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí òun gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ní ìlú Coutances ni ojútùú ìṣirò kan dé sí òun lọ́kàn, láìjẹ́ pé òun ń rò ó lọ́wọ́. Ohun tí àwọn tó ń tún ìtàn náà sọ sábà máa ń fò ni iṣẹ́ àṣelàágùn tó ti ṣe ṣáájú. Iyè inú kì í se ọbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá gbé èròjà fún un.

Aṣọ tí bàbá àgbà so mọ́ ọwọ́

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò lápá òsì ọ̀nà, ó bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọjọ́ Àìkú ni, Àjíǹde sì ni pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ti wakọ̀ lápá òsì rí. Bàbá ìyá mi wa bọ́lẹ̀kájà láti Abẹ́òkúta sí Èkó nígbà náà. Ìyá mi ní ó ya àkísà àdìrẹ kan, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀tún, kí ojú rẹ̀ lè máa bá a pàdé. Ó tó oṣù bíi mélòó kan kó tó tú u.

Ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún ń lọ, kò sí wàhálà. Àfi ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan ṣàdédé bẹ́ sójú ọ̀nà, tí bàbá bẹ̀rù, tí ọkọ̀ sì sá lọ sí apá òsì, apá àtijọ́, títí tó fi já sí kòtò. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ó sọ fún ìyá mi pé, "Kì í ṣe èmi ni mo yí i. Awakọ̀ àná ni."

Awakọ̀ àná yìí ni mo pàdé ní Ìta-Òṣìn. Ohun tí ara ti kọ́ kì í parẹ́. Tuntun la kàn ń tẹ́ lé e lórí, bí a ṣe ń tẹ́ ẹní sórí ẹní. Bó bá rẹ̀ wá, bí ẹ̀rù bá bà wá, ẹní tuntun á yọ̀, ti ìsàlẹ̀ á fojú hàn.

Ọjọ́ mẹ́ta lórí "a dúpẹ́"

Ìgbà tí bàbá mi kú ló kọ́kọ́ yẹ kí n mọ èyí. Ọjọ́ mẹ́ta ni èèyàn fi ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. N kò sí níbẹ̀. Ara mi jókòó sórí àga, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, bí àgbà bá wọlé, ara mi á ti dọ̀bálẹ̀ kí n tó mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n á ní "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè," ẹnu mi á ní "A dúpẹ́ o, Ọlọ́run á jẹ́ ó jìnnà síra." Léraléra. Ọ̀rẹ́ mi kan tó gbé òkè òkun pẹ́ sọ pé ìkíni wa ti gùn jù, pé àkọ́sórí ni, pé kò ti inú wá.

Lóòótọ́, kò ti inú wá. Inú mi ti wó lulẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìta ló gbé mi ró. Ká ní mo ní láti ronú kí n tó dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn ni, ǹ bá ti sá wọ yàrá lọ tilẹ̀kùn. Àwọn tó fi ìkíni kọ́ wa láti kékeré, tí wọ́n ń fọ́ wa létí bí a bá gbàgbé, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pèsè fún, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò ní 1954, kò fi gbogbo aláìsàn sínú yàrá títì. Ọ̀pọ̀ wọn bá ẹbí wọn kan wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó wà nítòsí. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá ìgbé ayé ojoojúmọ́ lọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Àmọ́ mo rò pé mo mọ ìdí tí kò fi fẹ́ yọ ọwọ́ èèyàn kúrò nínú ohun tó ti mọ́ ọn.

Nítorí náà, n kò tijú Láfẹ́nwá mọ́. Láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo ti kọ́ ilé kan fún ìyá mi síbẹ̀ láìmọ̀, ìrọ̀lẹ́ kan ní bíríkì kan. Àṣìṣe mi ni pé mo kó ẹrù lọ sí Ọbáńtòkó, mo gbàgbé ilé yẹn sẹ́yìn.

Dùndú Àsẹ́rò

Mo kọ́kọ́ fi aago sórí fóònù: aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kẹrin, mo rí i pé ọwọ́ mi ti ń pa á kí n tó gbọ́ ọ dáadáa. Ọwọ́ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún pa aago ìdájí, ta ló fẹ́ kọ́ ọ?

Obìnrin kan ń din dùndú ní ìyànà kan ní Àsẹ́rò, òórùn rẹ̀ á wọ ọkọ̀ kí n tó rí i. Mo wá bá ara mi ṣàdéhùn pé bí òórùn dùndú bá ti wọlé, ìyá mi ló kàn. Àwọn oníwàásù máa ń sọ pé ọjọ́ 21 ni àṣà fi ń mọ́ni lára. Nínú ìwádìí kan tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, èèyàn 96 mú nǹkan kékeré kan, bíi mímu omi tàbí jíjẹ èso, wọ́n so ó mọ́ ohun kan tó ń wáyé lójoojúmọ́. Ọjọ́ 66 ló jẹ́ ní ìpíndọ́gba. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18. Ìṣirò fi hàn pé ẹni tó pẹ́ jù á lo 254. Èyí tó tù mí nínú jù ni pé bí èèyàn bá fo ọjọ́ kan, kò ba nǹkan jẹ́.

Ọjọ́ kọkàndínlógójì tèmi ni àná. Mo ṣì ní láti rán ọwọ́ mi létí. Òjò ń rọ̀, dùndú ń ta nínú epo, ọlọ́kadà méjì ń bú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá mi gbé e kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì, àmọ́ kò kí mi. Mo mọ̀ pé ó ń gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn mi.

"Níbo nìyẹn?"

"Àsẹ́rò ni, mà."

"Hùn-ún. Kò tíì mọ́ mi létí." Ó ní kí n má tíì sọ nǹkan kan, kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ díẹ̀ sí i.